Ọta Àkọ́kọ́ Ló Ń Dà Mí Láàmú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ọmọ ọdún 23. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń yin ìbọn atẹ́gùn ní mítà mẹ́wàá, ní ìdúró. Tí a bá ń ṣe ìdánrawò, mo máa ń gba 572 nínú 600. Ṣùgbọ́n nínú ìdíje tí a ṣe ní Ìlọrin lóṣù tó kọjá, 541 ni mo gbà. Ọgọ́ta ọta ni, mẹ́wàá ló pọ̀ jù fún ọ̀kan. Bí mo ṣe gbà á ní ọta mẹ́wàá-mẹ́wàá nìyí: 84, 92, 93, 91, 90, 91. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn la gbéra láti Ọ̀fà. Nígbà tí mo fẹ́ yin ọta àkọ́kọ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, àyà mi ń lù kìkì. Kóòṣì ní kí n máa ní ìgboyà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní oògùn kan wà ní kẹ́mísì tó máa ń mú àyà rọlẹ̀. Kí ni kí n ṣe, sà?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o ṣeun tí o kọ máàkì rẹ sílẹ̀ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Àpapọ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ fún mi, àpapọ̀ kì í sì í sọ ibi tí bàtà ti ń ta èèyàn lẹ́sẹ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ oògùn kúrò lọ́nà. Èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ jọ propranolol tàbí ọ̀kan nínú àwọn ìbátan rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ń dẹ lílù ọkàn, ó ń mú kí ọwọ́ dúró, ìdí sì nìyẹn tí WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn nínú eré ìdárayá, fi kà á léèwọ̀ fún àwa tá à ń yìnbọn, lọ́jọ́ ìdíje àti lọ́jọ́ tí kò sí ìdíje. Ní Beijing lọ́dún 2008, Kim Jong-su ará North Korea gba fàdákà kan àti idẹ kan nínú ìbọn ìléwọ́. Wọ́n bá propranolol lára rẹ̀, wọ́n sì gba méjèèjì padà lọ́wọ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó bá ní ikọ́ fée tó gbé e mì lè má rí èémí mí. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé o ṣeun, kí o má sì dé ẹnu ọ̀nà kẹ́mísì yẹn nítorí rẹ̀.

Ó wá ku 572. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tí mo kà á, kì í ṣe láti fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, torí èmi náà ti gba irú 572 bẹ́ẹ̀ rí. Ṣé ìdúró kan náà lo ti yin ọgọ́ta ọta yẹn, àbí apá kan lánàá, apá kan lónìí? Ṣé aago ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ? Ọta mélòó lo fi dán ìbọn wò kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà? Nígbà tí ọ̀kan lọ bọ́ sí méje, ṣé kò sí ìgbà tí o sọ pé, "èyí ò kà, ẹsẹ̀ mi ló yẹ̀"? Tí o bá lọ ra ẹ̀wà ní Ọjà Ọba, kọ́ńgò ni ìyá ẹlẹ́wà fi ń wọ̀n ọ́n. Èyí tí o fi ọwọ́ bù nílé, o ò lè pè é ní kọ́ńgò mẹ́rin. Ìdíje ní kọ́ńgò tirẹ̀: ìṣẹ́jú 15 láti múra àti láti dán ìbọn wò, lẹ́yìn náà ọgọ́ta ọta láàárín ìṣẹ́jú 90 tó bá jẹ́ pátákó bébà, tàbí ìṣẹ́jú 75 tó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ. Ohunkóhun tó bá ti ẹnu ìbọn jáde, ó ti kà. Tí a bá fi kọ́ńgò yẹn wọn ìdánrawò rẹ, èmi lérò pé nǹkan bí 555 la máa bá níbẹ̀. Kì í ṣe máàkì 31 ni ìdíje gbà lọ́wọ́ rẹ, kò ju ìdajì rẹ̀ lọ. Nínú ìdajì yẹn, nǹkan bí ìdajì tún wà nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Àìsàn rẹ kò tóbi tó bí o ṣe rò, ó sì ní ojú kan pàtó.

Kóòṣì rẹ kò burú, ọ̀rọ̀ tó lò ni kò bá a mu. Ìgboyà la fi ń kojú ohun tó lè pani. Bàbá mi nílò rẹ̀: ọdẹ ni, nínú igbó ẹ̀yìn Òró, ẹ̀fọ̀n tí ọta bà tí kò kú a sì máa padà wá bá ọdẹ. Bébà tó wà ní mítà mẹ́wàá kò ní ìwo. Ìdánilójú lo nílò, kò sì sí ẹni tó lè fi ẹnu fún ara rẹ̀ ní ìdánilójú. Bí o bá ń sọ ọ́ sínú pé, "mo lè ṣe é, mo lè ṣe é," ọkàn rẹ á bi ọ́ pé, "ẹ̀rí dà?" Bí o kò bá ní èsì, àyà tún máa já ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé fún ọ ni pé kí ẹ̀rí wà nílẹ̀ kí ọkàn tó béèrè.

Bí a ṣe ń wá ẹ̀rí náà nìyí. Tí ìbọn bá ti ró, kí ojú rẹ tó kan awò awọ̀nàjíjìn tàbí pátákó, kọ́kọ́ pe ọta náà. Fi ojú aago pè é: "mẹ́sàn-án, aago mẹ́ta," ìyẹn ni pé ó wọ òrùka mẹ́sàn-án lápá ọ̀tún. Kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí o tó wò, kí o sì kọ èyí tó jẹ́ gan-an sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan míì. Nínú gbogbo ohun tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ogun fún ọdún méjìlá, àti àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ ní Ìlọrin níbí lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, kò tíì sí èyí tó ṣiṣẹ́ tó o, òun sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pa tì torí ó ń falẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ máa tì ọ́ lójú. O máa pe mẹ́wàá, o máa bá méje. Má pa á rẹ́. Tí ìpè rẹ kò bá bá ti pátákó mu lọ́pọ̀ ìgbà, a jẹ́ pé o kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọta jáde: bóyá ojú rẹ ṣẹ́, bóyá o ti ń gbé orí sókè láti wo ohun tí o ṣe. Oògùn rẹ̀ kò ju pé kí o dúró lórí ìbọn lẹ́yìn tó bá ró, kí o ka "ení, èjì" kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ tó kúrò lára igi ìbọn. Tí ìpè rẹ bá tọ́ ṣùgbọ́n tí máàkì kò dára, inú mi máa dùn ju inú tìrẹ lọ, torí o ti ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ku kí ara kọ́ ìdúró. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ ni ẹ̀kẹta. O pe mẹ́wàá, o rí mẹ́sàn-án lápá òsì; o tún pe mẹ́wàá, mẹ́sàn-án lápá òsì; ẹ̀ẹ̀kẹta, bákan náà. Kì í ṣe ìwọ, ojú ìbọn ló ti yẹ̀. Yí i, kí o máa bá iṣẹ́ lọ. Mo ti rí ẹni tó yin ogún ọta sápá kan náà nínú ìdíje, tí kò lè fọwọ́ kan ojú ìbọn, torí kò mọ̀ bóyá ìbọn ló ṣẹ̀ ni tàbí òun. Ẹni tó mọ̀ ọ́n pè á yí i lọ́wọ́ kan. Ohun tí àwọn èèyàn rí lára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ìgboyà nìyẹn.

Tí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá bá ti ń bá ìpè rẹ mu, tí ìyókù kò sì jìnnà ju òrùka kan lọ, wá bá mi ká sọ̀rọ̀ máàkì. Kó tó dìgbà yẹn, má ka máàkì. Tí ẹnìkan bá bi ọ́ pé èló lo gbà lónìí, sọ iye tí o pè tó tọ́ fún un.

Nípa ìdúró, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, torí kóòṣì rẹ ló ń rí ọ, èmi kò rí ọ. Ohun méjì péré. Èkíní, egungun ni kó máa gbé ìbọn, kì í ṣe ẹran ara: ìgbọ̀nwọ́ òsì jókòó lórí ìbàdí, ìbàdí lórí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá to bíríkì. (Bí ọwọ́ òsì lo bá ń lò, yí gbogbo ohun tí mo sọ padà.) Èkejì, ìbọn gbọ́dọ̀ kọjú sí pátákó fúnra rẹ̀. Gbé e, di ojú, mí lẹ́ẹ̀mejì, la ojú. Ibi tí ẹnu ìbọn bá wà nígbà tí o la ojú ni ara rẹ fẹ́ kó wà. Tó bá wà lápá ọ̀tún pátákó, má fi apá wọ́ ọ padà. Ẹsẹ̀ ni kí o sún. Apá tó ń wọ́ ìbọn á gbàgbé láti wọ́ ọ lọ́jọ́ tí àyà bá ń já. Fún ẹni tó bá rò pé kékeré lèyí, jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ká ní ojú ìbọn ti iwájú àti ti ẹ̀yìn fi sẹ̀ǹtímítà 80 jìnnà síra. Tí èyí tó wà níwájú bá fi mílímítà kan péré yẹ̀, ọta máa fi mílímítà 12.5 yẹ̀ ní mítà mẹ́wàá. Òrùka kan kò ju mílímítà 2.5 lọ. Òrùka márùn-ún nìyẹn. Àmì mẹ́wàá fúnra rẹ̀, ìdajì mílímítà ni. Ọta tí a ń yìn sí i, mílímítà 4.5.

O lè máa kọ́ ìdúró nílé láìsí ìbọn. Má gbé ìbọn ẹgbẹ́ yín lọ sílé o: òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ìbọn atẹ́gùn mọ́ àwọn ìbọn tó ń gba ìwé àṣẹ, ọlọ́pàá tó bá dá ọ dúró ní Ajàṣẹ́ kò sì ní béèrè bóyá atẹ́gùn ló ń tì í àbí ẹ̀tù. Wá ọmọ odó tó wúwo díẹ̀. Ìbọn tiwa kò gbọ́dọ̀ ju kílò 5.5 lọ, ọmọ odó míì sì sún mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́, nínú yàrá, ilẹ̀kùn títì, kọjú sí ògiri. Ìyá rẹ á pariwo pé kí lò ń fi ọmọ odó òun ṣe. Ṣàlàyé fún wọn kí wọ́n tó pe àwọn ará àdúgbò.

Ó kan gbígbọ̀n ọwọ́. Kò sí ẹni tí ìbọn rẹ̀ kì í mì, títí kan àwọn tó gba wúrà Òlíńpíìkì. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tí ẹni náà ń ṣe pẹ̀lú mímì yẹn. Ká ní ìbọn rẹ ń rìn káàkiri nínú òrùka mẹ́jọ lọ́jọ́ ìdíje. Tí o bá fa tírígà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń rìn, ọ̀pọ̀ ọta máa bọ́ sí mẹ́sàn-án àti mẹ́wàá, torí àárín ló ń gbà kọjá jù. Ṣùgbọ́n tí o bá ń ṣọ́ ọ, tí o ní kó dé àárín gan-an kí n já a gbà, ìjágbà yẹn ló ń gbé e lọ sí mẹ́fà. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ó dà bí ẹni pé orí tírígà ni wọ́n wà tí wọ́n fi sọ ọ́. Bẹ kóòṣì rẹ pé kó pààrọ̀ òrùka ojú ìbọn iwájú, èyí tí a ń tinú rẹ̀ wo pátákó, sí èyí tó tóbi sí i. Òrùka tó há máa ń fi gbogbo mímì hàn ọ́, ìwọ náà á wá máa ṣọ́ ọ.

Bàbá mi tún kọ́ mi ní nǹkan kan tí mi ò tètè mọyì rẹ̀. Ṣakabùlà ló ń lò, ọta kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, kí ó tó tún un kì, ẹran ti dé Ìlá. Ọ̀pọ̀ òru ló máa lọ tó máa bọ̀ láìyìnbọn, tí a bá sì béèrè, á ní ìbọn kò jókòó. Ó rí ẹran o! Ó ti gbé ìbọn, ó ti fojú sí i, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Nínú tiwa, tí o bá ti gbé ìbọn dé ojú tí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá sì kọjá, sọ ọ́ kalẹ̀. Ojú ti rẹ̀, èémí ti ń tán, ohun tí o rò pé o ń rí kọ́ lo ń rí mọ́. O ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ fún ọta kọ̀ọ̀kan lórí bébà, kí lò ń sá fún? Mo fẹ́ kí o máa kọ iye ìgbà tí o sọ ìbọn kalẹ̀ sínú ìwé yẹn náà. Ọjọ́ tí o bá yin ọgọ́ta tí o kò sọ ọ́ kalẹ̀ rárá, mo mọ̀ pé o já ọta mẹ́fà tàbí méje gbà nínú wọn.

Wàyí o, mẹ́wàá àkọ́kọ́. Wo bí o ṣe ń ṣe ìdánrawò: o dé, o gbọnra, o yin bí ogún ọta títí ara á fi móoru, ẹ̀yìn ìyẹn ni o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó túmọ̀ sí pé fún ọdún méjì, o kò tíì kọ́ ọta àkọ́kọ́ rí. Ọjọ́ ìdíje nìkan lo ń pàdé rẹ̀, bí ẹní pàdé àlejò lóru. Láti ọ̀la lọ, ọjọ́ tó bá ti jẹ́ ti ìdánrawò, wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ, dúró, wá ibi tí ara fẹ́, fa tírígà bíi mélòó kan láìsí ọta nínú ìbọn, lẹ́yìn náà yin ọta kan ṣoṣo tó kà. Ọ̀kan. Pè é, wò ó, kọ ọ́. Gbé ìbọn sílẹ̀, kí o lọ mu omi. Ìdánrawò ọjọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀. Tó o bá ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí oṣù mẹ́ta tó pé o ti ní ju ọgbọ̀n ọta àkọ́kọ́ lọ nínú ìwé. Tí àyà bá wá já lọ́jọ́ ìdíje, tó béèrè ẹ̀rí, o ní èsì: "Mo ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógójì. Mo mọ ohun tó máa ń ṣe." Kódà tó bá jẹ́ mẹ́sàn-án ló máa ń ṣe, mẹ́sàn-án tí èèyàn mọ̀ kì í dẹ́rù bani.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, ẹ ṣe ìdíje láàárín ara yín pẹ̀lú kọ́ńgò gidi: aago, ìṣẹ́jú 15, ọgọ́ta ọta, bébà tí ẹlòmíì máa kà. Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn dúró lẹ́yìn yín kí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kẹ́yìn ló máa ra wàrà fún gbogbo ilé. O lè rò pé eré ni, ṣùgbọ́n mo ti rí ọkùnrin tó ti lọ sójú ogun tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí owó wàrà. Ohun tá à ń wá gan-an nìyẹn: kí àyà máa já níbi tí kò ti ná ọ ní nǹkan kan, kí o lè mọ̀ pé èèyàn lè yin mẹ́wàá pẹ̀lú àyà tó ń já. Nítorí yóò já. Èmi tí mo ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, kò fi mí sílẹ̀ rí.

Ìtàn kan nípa ara mi, kí o má bàa rò pé àgbà kì í ṣubú. Nínú ìdíje kan tí mo ti ń ṣíwájú, mo yin ọta mi sí pátákó ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òdo. Ìtìjú ọjọ́ yẹn, mi ò lè sọ ọ́ tán. Ó wá di ọdún 2004, mo gbọ́ pé irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Òlíńpíìkì, ní Athens. Matthew Emmons ará Amẹ́ríkà ti gba wúrà kan, ó tún ń ṣíwájú nínú ti ìdúró mẹ́ta (ìdọ̀bálẹ̀, ìdúró àti ìkúnlẹ̀) ní mítà 50, ó ku ọta kan ṣoṣo, bó tilẹ̀ jẹ́ méje ààbọ̀ ló bá yìn, wúrà ni. Ìlà kejì ló dúró sí, pátákó ìlà kẹta ló yìn. Òdo. Jia Zhanbo ará Ṣáínà ló gba wúrà, Emmons sì já sí ipò kẹjọ. Lọ́dún 2008 ní Beijing, ọta ìkẹyìn kan náà, òun náà ló tún ń ṣíwájú, ó yin 4.4, ó di ẹnikẹrin. Bí ó ṣe tún padà wá gba idẹ ní London lọ́dún 2012 ló yà mí lẹ́nu ju méjèèjì lọ. (Ọmọbìnrin ará Czech kan tó wá tù ú nínú ní Athens, Kateřina Kůrková, òun ló padà fẹ́. Òun náà ló gba wúrà àkọ́kọ́ ní Beijing, nínú ìbọn atẹ́gùn tiwa yìí. Nítorí náà, òdo náà mú nǹkan bọ̀.)

Ohun tí òdo tèmi kọ́ mi ni pé kí n má fi ọkàn mi sílẹ̀ lófìfo. Tí o bá ń sọ pé, "má yin méje, má yin méje," méje ni ọkàn ń wò. Fún un ní iṣẹ́ tí yóò máa ṣe. Tèmi jẹ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún, èkíní sì ni mo fi kún un lẹ́yìn ìtìjú yẹn: nọ́ńbà, ìbàdí, èémí, òrùka, fà. Mo wo nọ́ńbà pátákó mi, mo jókòó ìgbọ̀nwọ́ sí ìbàdí, mo mí jáde díẹ̀ mo dá a dúró, mo wo òrùka, mo fà. Ìwọ wá tìrẹ, kó kúrú, kí o sì máa sọ ọ́ ní gbogbo ọta, títí kan ti ọjọ́ tí o kò níṣòro. Ọmọ Ọ̀fà ni ọ́, ìjàkadì lorò yín. Ẹni tó bá wọ agbo, ìbàdí ẹni tó fẹ́ dá ló ń wò, kò ráyè ka iye èèyàn tó wá wòran.

Ó ku ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì. O gbéra láti Ọ̀fà láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, o gba Ajàṣẹ́, o jókòó fún ìgbà pípẹ́ nínú ọkọ̀ tó kún, o dé o sì wọ jákẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀. Èmi gan-an ì bá gbọ̀n. Wá sùn sí Ìlọrin lóru ọjọ́ tó ṣáájú, bí o bá ní ìbátan níbí. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ gbéra lásìkò tí o fi máa ní wákàtí méjì láti rìn, láti jókòó, láti mu omi. Jẹun, má jẹ yó. Kọfí àti àwọn ohun mímu oníagolo tó ń lé oorun, fi wọ́n sílẹ̀ fún awakọ̀.

Nínú ìṣẹ́jú 15 tí wọ́n bá fún ọ, má ṣe lépa mẹ́wàá. Yin díẹ̀, máa pè é. Nígbà tí ọta mẹ́ta léraléra bá ti bọ́ síbi tí o pè é sí, kódà kó jẹ́ mẹ́sàn-án ni gbogbo wọn, ìwọ ti ṣetán nìyẹn. Gbé ìbọn sílẹ̀, jókòó títí wọ́n á fi pe ìbẹ̀rẹ̀.

Tí ọgbọ̀n ọta àkọ́kọ́ bá ti pé nínú ìwé, ya fọ́tò ojú ewé náà ránṣẹ́ sí mi, apá tí o pè àti apá tó jẹ́. Má fi máàkì ránṣẹ́.